Ẹni Tó Jáde Lọ Síbi Iṣẹ́ Láàárọ̀ Gbọ́dọ̀ Padà Sílé Ní Pípé

 

Nínú ìlú wa, a kì í kọjá lára ẹni tó ń ṣiṣẹ́ láìkí i pé "ẹ kú iṣẹ́". Mọlémọlé tó wà lórí ògiri, jórinjórin tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ìyá tó ń yan gàrí, gbogbo wọn là ń kí. Ohun tí ẹgbẹ́ fẹ́ bá yín sọ lónìí ni pé kí ìkíni yẹn ní ìtumọ̀. Ẹni tí a kí kú iṣẹ́ láàárọ̀, ó yẹ ká lè kí i káàbọ̀ nírọ̀lẹ́, pẹ̀lú ojú méjèèjì, ọwọ́ méjèèjì àti ẹsẹ̀ méjèèjì tó gbé jáde nílé. A ò sọ pé ọ̀pọ̀ nínú wọn. Gbogbo wọn là ń sọ.

Àbá wa kò lọ́jú pọ̀: kí ìlú wa má gba ìpalára kankan níbi iṣẹ́ mọ́ bí ohun tí "ojú ti mọ́". A mọ̀ pé àwọn kan á ní àlá lásán ni. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ tiwa ná.

Iná Sèmè-Kraké

Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, iná ṣẹ́ yọ ní Sèmè-Kraké, lẹ́bàá ẹnu ibodè Nàìjíríà, níbi tí wọ́n ń kó epo kpayo pamọ́ sí. Ó lé ní ọgbọ̀n ènìyàn tó kú. Ọmọ ọwọ́ wà nínú wọn. Àwọn tó jóná tí wọn ò kú, ilé ìwòsàn ni wọ́n kó wọn lọ.

Láti Àjàṣẹ́ dé Kétu, dé Ṣábẹ, kò sẹ́ni tó lè ní òun ò mọ epo kpayo. Ìgò rẹ̀ wà lórí tábìlì ní oríta gbogbo. Ó ti bọ́ ilé púpọ̀, ó ti sanwó ilé ìwé ọmọ púpọ̀. A ò wá síbí láti bú ẹni tó ń tà á. Nígbà tí Nàìjíríà yọ owó ìrànwọ́ orí epo kúrò ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, tí epo sì gbówó lórí, ọjà ọ̀hún ò parẹ́. Ẹni tí kò rí iṣẹ́ mìíràn ṣe, kí la fẹ́ kó ṣe?

Ohun tí a fẹ́ kẹ́ ẹ kíyè sí ni bí iná epo ṣe ń mú. Kì í ṣe omi epo gan-an ló ń gbaná, afẹ́fẹ́ tó ń tú jáde lára rẹ̀ ni, èyí tí imú ń gbọ́ òórùn rẹ̀ tí ojú ò rí i. Afẹ́fẹ́ yìí wúwo ju èyí tí à ń mí sínú lọ. Kì í gòkè, ilẹ̀ ló máa ń wọ́ mọ́ bí ejò, títí á fi kan iná níbìkan. Bó bá ti kàn án, iná á sáré tọ ipa rẹ̀ padà sídìí epo. Ìyá tó ń dín àkàrà jẹ́jẹ́ rẹ̀ lápá ibẹ̀ lè tipa bẹ́ẹ̀ ti iná bọ bídọ́ọ̀nù tí kò fọwọ́ kàn rí. Bí wọ́n bá sì sáré da omi sí i, epo á léfòó sórí omi, iná á máa bá omi lọ.

Ṣé ọmọ tó ń jókòó ti tábìlì epo láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ mọ èyí? Ta ló sọ fún un? Àwọn àgbà wa ní a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Ilé tó to bídọ́ọ̀nù epo sí yàrá tí àwọn ọmọ ń sùn, iná tirẹ̀ ò tiẹ̀ sí lórí òrùlé mọ́, ẹ̀gbẹ́ ẹní ló wà.

Ṣé àyànmọ́ ni?

Bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀, ọ̀rọ̀ tí à ń gbọ́ kì í ju mẹ́ta lọ. "Bí Ọlọ́run ṣe fẹ́ nìyẹn." "Ayé ló ṣe é." "Ògún ló gbà á." A ó sin òkú, a ó ṣèdárò. Bó bá di ọjọ́ kẹjọ, iṣẹ́ á bẹ̀rẹ̀ padà bó ṣe wà: àkàbà yẹn náà, wáyà yẹn náà, kànga yẹn náà.

A ò bá ìgbàgbọ́ ẹnikẹ́ni jà o. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo bí àwọn baba wa ṣe ń ṣe iṣẹ́ tó léwu. Ẹni tó ń gun ọ̀pẹ mọ àdúrà, ó sì lè mọ ọfọ̀ pẹ̀lú. Síbẹ̀, kó tó fẹsẹ̀ kan ọ̀pẹ, á yẹ igbà rẹ̀ wò láti ìdí dé orí, á fà á, á fi ara tì í wò nílẹ̀. Bí igbà bá ti ń já, kò ní gùn lọ́jọ́ yẹn, ẹmu ìbáà máa ṣàn dànù lókè. Ọdẹ kì í kọ ẹnu ìbọn sí ẹni tó ń bá a rìn. Alágbẹ̀dẹ tó ń bọ Ògún lọ́dọọdún kì í jẹ́ kí ọmọdé ṣeré nídìí ẹwìrì. Bí wọ́n ṣe ń bọ Ògún ni wọ́n ń ṣọ́ irin. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó fi àdúrà rọ́pò igbà.

Ẹni tó bá wá ní ìjàǹbá ibi iṣẹ́ ò nídìí, kì í ṣe àṣà baba wa ló ń sọ. Ìjàǹbá nídìí, ìdí rẹ̀ sì sábà máa ń ju ẹyọ kan lọ. Bí ọmọ kan bá já bọ́ láti òkè ilé, wọ́n á ní kò ṣọ́ra ni. Ta ló so ọparun tó dúró lé? Ta ló ní dandan ni kí iṣẹ́ yẹn parí kí ilẹ̀ tó ṣú? Ta ló ti rí i lánàá pé okùn ti ń jẹrà, tó dákẹ́? Bí a ò bá bi ìbéèrè mẹ́ta yìí, ọparun náà á tún gbé ọmọ mìíràn ṣubú.

Kí ló dé tí a fi ní "kò gbọdọ̀ sí"?

Àwọn kan ń wí pé: "Iṣẹ́ ò lè ṣe kó má dá ọgbẹ́ síni lára. Ká sáà dín in kù." A gbọ́. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká bi wọ́n léèrè: bí a bá gbà pé ẹnì kan lè fọ́jú lọ́dún kan ní ìsọ̀ àwọn jórinjórin wa, ọmọ ta ni ká fà kalẹ̀? Kí ìyá kan dìde ní ìpàdé kó sọ pé, "Tèmi ni kẹ́ ẹ mú." Kò sírú ìyá bẹ́ẹ̀. Bí kò bá ti sí, iye tí ìlú lè gbà ò ju òdo lọ.

Ẹni tó ní ká dín in kù, bí ọmọ kan bá gé ìka, á wẹ̀yìn wò, á ní, "Lọ́dún tó kọjá mẹ́ta ni, lọ́dún yìí ọ̀kan ni, ọpẹ́ ló yẹ." Ẹni tó ní kò gbọdọ̀ sí á dá iṣẹ́ dúró, á wá ìdí ìka kan ṣoṣo yẹn. Ibẹ̀ ni ọ̀nà ti yà.

Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ti dán èyí wò. Ní Amẹ́ríkà, ìdílé du Pont dá ilé iṣẹ́ ẹ̀tù ìbọn sílẹ̀ ní ọdún 1802. Ní ọdún 1811, wọ́n ṣòfin pé òṣìṣẹ́ kankan ò gbọdọ̀ wọ ilé ẹ̀rọ tuntun, àfi tí ọ̀kan nínú àwọn olórí bá ti kọ́kọ́ fọwọ́ ara rẹ̀ ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Òfin kan ò tó o: ní 1818 ẹ̀tù bú gbàmù níbẹ̀, ó sì pa ènìyàn púpọ̀. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n inú òfin yẹn ò tíì gbó: ọ̀gá ló yẹ kó kọ́kọ́ gun àkàbà.

Ní ọdún 1987, Paul O'Neill di olórí Alcoa, ilé iṣẹ́ tó ń yọ́ aluminium, irin gbígbóná tó ń ṣàn bí omi. Nígbà tó kọ́kọ́ bá àwọn olówó tó ní ìpín níbẹ̀ sọ̀rọ̀, kò fi èrè bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ààbò òṣìṣẹ́ ló gbé kalẹ̀, ó sì ní òdo ni òun ń lé. Lásìkò yẹn, nínú òṣìṣẹ́ 100, ó tó ẹni méjì lọ́dún tó ń farapa débi tí kò fi lè wá síṣẹ́; iye rẹ̀ gan-an ni 1.86. Nígbà tó máa fi ibẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 2000, ó ti wálẹ̀ sí 0.2, ìyẹn ẹni méjì nínú 1,000. Èrè ilé iṣẹ́ náà ò sì dín kù, ó pọ̀ sí i. Ẹ kíyè sí i pé wọn ò bá òdo. Ṣùgbọ́n bó ṣe pé ìdajì ni wọ́n ń lé, wọn ì bá ti jókòó sinmi lójú ọ̀nà.

Ẹ̀kọ́ kan tún wà níbẹ̀. Afẹ́fẹ́ burúkú mú àwọn òṣìṣẹ́ ní ẹ̀ka wọn kan ní Mẹ́síkò. Wọ́n tún ohun tó bàjẹ́ ṣe. Síbẹ̀, ọ̀gá àgbà tó wà nídìí ẹ̀ka náà pàdánù iṣẹ́ rẹ̀, nítorí pé ó fi ọ̀rọ̀ náà pa mọ́, kò jẹ́ kí àwọn ẹ̀ka yòókù rí i kọ́gbọ́n. Ẹ ò rí i? Ẹni tó sọ kì í jìyà. Ẹni tó fi pa mọ́ ló jìyà.

Ní ìsọ̀ tiwa

Ẹnì kan á ní, "Ti òyìnbó nìyẹn." Ó dáa, ẹ jẹ́ ká wálé.

Ìmọ́lẹ̀ iná jórinjórin máa ń jó ẹyinjú bí oòrùn ṣe ń jó awọ ara. Lóru, ojú á máa ta ènìyàn bí ẹni pé wọ́n da yanrìn sí i. Ọ̀gá lè ní gíláàsì dúdú, ọmọṣẹ́ tó bá a di irin mú ńkọ́? Gíláàsì oòrùn tí wọ́n ń tà lọ́jà ò tó o. Kí iye ojú tó wà nídìí iná bá iye gíláàsì gidi mu, kí ẹni tí kò ní bọ́ sẹ́yìn ògiri.

Nídìí ẹ̀rọ tó ń rin ẹ̀gẹ́, ìró ìyá wa lè wọ bẹ́líìtì tó ń yí. Páànù díẹ̀ ti tó láti bo bẹ́líìtì yẹn, jórinjórin àdúgbò kan náà ló máa ṣe é. Igi ni kí wọ́n fi máa ti ẹ̀gẹ́ sẹ́nu ẹ̀rọ, kì í ṣe ìka.

Ní Kétu, gbogbo wa la mọ bí omi ilẹ̀ ṣe jìn tó. Afẹ́fẹ́ ìsàlẹ̀ kànga lè ti bàjẹ́, kí ojú má rí i, kí imú má gbọ́ ọ. Ẹni àkọ́kọ́ á dákú nísàlẹ̀, àbúrò rẹ̀ á fò tẹ̀ lé e láti gbà á, òun náà á dákú, ìdílé kan á wá pàdánù méjì. Bí wọ́n bá gbé ẹ̀rọ tó ń lo epo wọ inú kànga láti fa omi, èéfín rẹ̀ ń pani ni. Òkè ni kí ẹ̀rọ máa wà. Kí ẹni tó bá wọlé so okùn mọ́ àyà, kí àwọn tó lágbára tó láti fà á jáde dúró lókè di okùn náà mú. Bó bá dákú, kí wọ́n fà á. Kí ẹnikẹ́ni má sọ̀kalẹ̀ tẹ̀ lé e.

Ẹ̀yin àgbẹ̀ olówùú náà, ẹ gbọ́. Ní apá Borgou, ní sáà òwú ọdún 1999 sí 2000, oògùn kòkòrò tí wọ́n ń pè ní endosulfan pa ènìyàn. Ìgò oògùn tí wọ́n fi omi ṣàn kì í di ìgò omi mímu láé. Kí ẹ dá a lu kó tó kúrò lóko, kí ọmọ kankan má baà rí i lò.

Ẹ wò ó, nínú gbogbo ohun tí a kà sílẹ̀ yìí, a ò fi "ẹ máa ṣọ́ra" bẹ̀rẹ̀ ọ̀kankan. Ó nídìí. Ohun àkọ́kọ́ ni ká mú ewu kúrò pátápátá. Bí kò bá ṣeé mú kúrò, ká fi nǹkan dínà láàárín ewu àti ènìyàn. Lẹ́yìn náà ni ká fẹnu kò lórí bí a ó ṣe máa ṣiṣẹ́ náà. Ìbọ̀wọ́, àṣíborí àti bàtà ló wá gbẹ̀yìn. Bó bá di agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ó ti rẹ ènìyàn, ó lè gbàgbé. Páànù tó bo bẹ́líìtì kì í rẹ̀ ẹ́, kì í gbàgbé.

Ẹnu ọmọṣẹ́

Ọmọṣẹ́ ló sábà máa ń kọ́kọ́ rí ewu, torí òun ló ń gbé ẹrù, òun ló ń gun òkè, òun ló ń ràkò wọ abẹ́ ọkọ̀. Àmọ́ nínú àṣà wa, ọmọdé kì í wo ojú àgbà kó ní ohun tó ń ṣe ò dáa. A fẹ́ràn ọ̀wọ̀, a ò sì ní jẹ́ kó parun. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí ọ̀wọ̀ pa ọmọ. Àwọn baba wa náà ló sọ pé ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè.

Kí ọ̀gá kọ́ ọmọṣẹ́ rẹ̀ ní gbólóhùn kan láti ọjọ́ kìíní: "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró." Bó bá ti sọ ọ́, kí iṣẹ́ dúró, kí wọ́n wò ó. Bó bá ṣì í, kí wọ́n má bú u, kí wọ́n má rẹ́rìn-ín rẹ̀, torí bí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀, ọjọ́ tó bá rí òótọ́ ló máa dákẹ́.

Nǹkan kejì ni "ó kù díẹ̀". Bí òòlù bá já bọ́ láti òkè tí kò ba ẹnikẹ́ni, a máa ń rẹ́rìn-ín, a ní orí ẹni ọ̀hún ló yọ ọ́. Lóòótọ́, orí yọ ọ́. Ṣùgbọ́n orí náà ló ń kìlọ̀ yẹn. Kí ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan ní ìwé kékeré tí wọ́n ń kọ "ó kù díẹ̀" sí. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, kí wọ́n tó dá iná, kí wọ́n kà á, kí wọ́n tún ohun tó yẹ ṣe. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kọ, kó fẹnu sọ ọ́.

Òfin wà, ọwọ́ rẹ̀ ni ò tó

Òfin iṣẹ́ ilẹ̀ Benin, òfin 98-004 ti oṣù kìíní ọdún 1998, pa á láṣẹ pé kí agbanisíṣẹ́ dáàbò bo ìlera àti ara òṣìṣẹ́. CNSS ń ṣètọ́jú òṣìṣẹ́ tó farapa lẹ́nu iṣẹ́, bí wọ́n bá ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 2022, àjọ àgbáyé lórí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, èyí tí wọ́n ń pè ní OIT, fi ibi iṣẹ́ tó láàbò kún àwọn ẹ̀tọ́ ìpìlẹ̀ òṣìṣẹ́. A dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọmọ wa tó ń ṣiṣẹ́ abẹ́ igi, orí zémìjàn, nínú oko àti nídìí ẹ̀rọ gàrí, orúkọ wọn ò sí nínú ìwé CNSS. Aṣojú ìjọba tó ń bẹ ibi iṣẹ́ wò ò lè dé gbogbo abẹ́ igi. Ibi tí ọwọ́ ìjọba ò tó, ọwọ́ ìlú ti wà níbẹ̀ látọjọ́.

Nítorí náà, ohun tí à ń bèèrè rèé.

Èkíní, kí ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ kankan má ṣe libération fún ọmọṣẹ́ tí kò bá lè fi hàn níwájú àwọn àgbà ẹgbẹ́ bí a ṣe ń ṣe iṣẹ́ náà láìfarapa. Ìdánwò CQM wà, ó dáa. Èyí tí ẹgbẹ́ máa ṣe á tì í lẹ́yìn ni. Ọ̀gá tí ẹ̀rọ rẹ̀ ò ní ìbòrí, kí ẹgbẹ́ má fún un ní ọmọṣẹ́ tuntun.

Èkejì, kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan máa gbé ìwé "ó kù díẹ̀" wá sí ìpàdé oṣooṣù. Kí ẹni tó sọ má san ìtánràn. Ẹni tó fi ìpalára pa mọ́ ni kó san án.

Ẹ̀kẹta, níwọ̀n ìgbà tí epo kpayo bá ṣì wà lójú ọ̀nà wa, kó jìnnà sí ibi ìdáná, kó jìnnà sí yàrá tí ènìyàn ń sùn, kí yanrìn wà nítòsí rẹ̀. Kí àwọn tó ń wá ìbò wa náà sọ iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ fi rọ́pò rẹ̀. Ìlérí nìkan ò tó o.

Ẹ̀kẹrin, kí mairie yọ díẹ̀ nínú owó tí oníṣòwò àti oníṣẹ́ ọwọ́ ń san, kó fi ra ohun èlò ìpaná àti àpótí oògùn sí ọjà àti àdúgbò iṣẹ́, kó sì ní kí àwọn panápaná wá kọ́ wa ní ìlò rẹ̀.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ̀yin Kábíyèsí àti ìjòyè, ààfin ni kó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá ń tún òrùlé ààfin ṣe, tí wọ́n bá ń gbé àtíbàbà ọdún ró, kí gbogbo ìlú rí i pé àkàbà dúró dáadáa, pé kò sí ọmọ tó wà lókè láìsí ohun tó dì í mú. Ohun tí ìlú bá rí láàfin ló máa ń gbé lọ sílé.

Àwọn kan á bi wá pé, "Owó dà?" Ìbéèrè gidi ni. Bí ọmọ kan bá farapa, ṣé a kì í dáwó? Ẹgbẹ́ á dá, ìdílé á dá, ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí á dá. Owó ilé ìwòsàn ń lọ, ọjọ́ iṣẹ́ ń lọ, ọmọ tó yẹ kó bọ́ ìyá rẹ̀ lọ́la, ìyá rẹ̀ ni yóò máa bọ́ ọ. Owó yẹn wà, à ń ná an lọ́dọọdún. Lẹ́yìn ìjàǹbá là ń ná an. Ohun tí ẹgbẹ́ ń wí ni ká ná an ṣáájú, torí páànù tó bo bẹ́líìtì ò tó owó oṣù kan tí ọwọ́ tó gé máa jẹ nílé ìwòsàn.

Àwọn àgbà wa ní, "Igi gánganràn má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó." A ti rí igi náà, ó gùn, ẹnu rẹ̀ mú, ojú ọmọ wa ló kọjú sí. Ọ̀sẹ̀ yìí ni kí ọ̀gá kọ̀ọ̀kan rìn yí ìsọ̀ rẹ̀ ká, kó bi àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀ pé, "Kí ló ń bà yín lẹ́rù níbí?" Ohun tí wọ́n bá kọ́kọ́ dárúkọ ni kó tún ṣe kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí.

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ó máa bọ̀ wálé láyọ̀.